ORÓGBÓ, EWÚRO ÀTI Ẹ̀DỌ̀ WA: Ohun tí ìdánwò ewé fi hàn, àti ohun tí kò fi hàn



Láàárín àwa ará Èkìtì, kò sí ilé tí kò mọ orógbó, kò sì sí ìyá tí kò mọ ewúro. A ń fi orógbó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn àgbà sì ń jẹ ẹ́. Ewúro ni a ń fọ̀, tí a fi ń se ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ iyán. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń dán irú àwọn ohun wọ̀nyí wò, láti mọ̀ bóyá wọ́n lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ oògùn àti kẹ́míkà tí ó lè bà á jẹ́. Ìròyìn ìdánwò náà ti tàn kálẹ̀. Àwọn tí ń ta àgbo nínú ọkọ̀ àti ní ọjà ń fi polówó. Wọn a ní, "Àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì, ó ń fọ ẹ̀dọ̀."

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pé. Ìdí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí ni pé ìyá tí ó bá gbọ́ ìdajì rẹ̀ lè máa fún ọmọ ní omi ewúro mu ní àkókò tí ó yẹ kí ó ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, a ó mọ bí oògùn ṣe lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, a ó wo bí àwọn onímọ̀ ṣe ń dán ewé wò, lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ohun tí ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ṣe.

1. KÍ NI IṢẸ́ Ẹ̀DỌ̀?

Ẹ̀dọ̀ wà ní apá ọ̀tún, ní òkè ikùn, lábẹ́ egungun ìhà. Ti àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oúnjẹ tí ó bá ti dà nínú ìfun ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó tó pín in káàkiri ara. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú agbára pa mọ́ de ìgbà tí ebi bá ń pa wá. Ó ń ṣe omi òróòro tí ń bá wa da ọ̀rá. Ó ń ṣe èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́. Ó sì ń sọ ohun olóró di ohun tí kò lè pa wá lára mọ́, kí ó lè bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde.

Oògùn tí a gbé mì náà kò ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀dọ̀ ni yóò gbà kọjá. Ìbáà jẹ́ oògùn òyìnbó, ìbáà jẹ́ àgbo, ẹ̀dọ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Ohun tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́ lé lórí.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́ gan-an, ojú aláìsàn yóò pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n bí omi tíì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ó lè máa bì, kí ó má lè jẹun, kí ikùn máa dùn ún ní apá ọ̀tún. Bí ọ̀rọ̀ bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ a máa jáde láìdá, aláìsàn a máa sọ ìsọkúsọ, oorun a sì gbé e lọ títí tí kò fi ní dáhùn mọ́.

2. BÁWO NI OÒGÙN TÍ Ń WO NI SÀN ṢE LÈ BA Ẹ̀DỌ̀ JẸ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi parasítámọ́ọ̀lù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ilé tí kò sí. Àgbẹ̀ tí ó ti oko dé tí ara ń ro, ìyá tí orí ń fọ́, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, òun ni gbogbo wọn ń lò. Bí a bá lò ó ní ìwọ̀n tí ó tọ́, ó wà lára àwọn oògùn tí ewu wọn kéré jù lọ. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà wé ewúrẹ́ àti okùn. Ká ní ilé kan ní ogún okùn. Bí ewúrẹ́ mẹ́wàá bá wọlé, gbogbo wọn ni a ó so mọ́lẹ̀, okùn yóò sì tún ṣẹ́ kù. Bí ọgbọ̀n ewúrẹ́ bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́wàá yóò wà láìso, ọ̀gbìn inú oko ni wọn yóò sì jẹ run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni parasítámọ́ọ̀lù rí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń tú ká wọ́ọ́rọ́wọ́, tí yóò bá ìtọ̀ lọ. Apá kékeré kan ń di májèlé. Májèlé yìí ni ewúrẹ́. Ẹ̀dọ̀ ní èròjà kan tí ó fi ń so májèlé náà mọ́lẹ̀, èyí ni okùn. Nígbà tí oògùn bá pọ̀ jù, okùn yóò tán, májèlé tí kò rí okùn so yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀.

Oúnjẹ tí ó ṣara lóore ni ẹ̀dọ̀ fi ń hun okùn náà. Nítorí èyí, okùn ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ kì í pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kí ó jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, àti ti ẹni tí ń mu ọtí líle lójoojúmọ́. Ìwọ̀n tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan lè pa irú wọn lára.

Ọdún 1966 ni àwọn dókítà ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, kọ́kọ́ ròyìn ẹ̀dọ̀ tí ó bàjẹ́ nítorí àlòjù parasítámọ́ọ̀lù. Láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1979, wọ́n rí oògùn tí ń pa oró rẹ̀. Orúkọ oògùn náà ni N-acetylcysteine. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó bá ẹ̀dọ̀ hun okùn tuntun kíákíá. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀: bí a bá fún ẹni náà láàárín wákàtí mẹ́jọ tí ó lo àlòjù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí kì í gba ẹ̀dọ̀ là. Bí àkókò bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dín kù bí wákàtí ti ń lọ.

Ibí yìí ni ewu ńlá wà. Ní ọjọ́ kìíní, ẹni tí ó lo àlòjù parasítámọ́ọ̀lù lè má ṣàìsàn rárá. Ó lè bì díẹ̀, kí oúnjẹ má wù ú jẹ, lẹ́yìn èyí kí ó tún máa ṣeré. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni ìjàǹbá ẹ̀dọ̀ ń fara hàn. Ọjọ́ tí ọmọ ṣì ń ṣeré yìí ni ọjọ́ tí oògùn ilé ìwòsàn lágbára jù lọ, òun náà sì ni ọjọ́ tí a máa ń rò pé kò sí nǹkan kan.

Kì í ṣe parasítámọ́ọ̀lù nìkan. Àwọn oògùn ikọ́ ife bíi isoniazid, rifampicin àti pyrazinamide lè ba ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ jẹ́, àní nígbà tí wọ́n ń lò ó bí ó ti yẹ. Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá a dúró fúnra rẹ̀, nítorí ikọ́ ife ń pa ni. Ohun tí ó yẹ ni pé kí aláìsàn sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera lọ́gán bí ojú tàbí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n.

3. ÀWỌN WO NI Ó TI DÁN EWÉ ÀTI ÈSO WA WÒ?

Ní ọdún 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn èròjà inú orógbó tí ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Òun kan náà ni ó wá di alága àjọ elétò ìdìbò INEC láti ọdún 2005 sí 2010. Ní ọdún 1990, àwọn olùwádìí méjì, Akintonwa àti Essien, tẹ ti wọn jáde. Wọ́n fi parasítámọ́ọ̀lù ba ẹ̀dọ̀ eku jẹ́, wọ́n sì rí i pé ẹ̀dọ̀ àwọn eku tí ó gba èròjà orógbó kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Láti nǹkan bí ọdún 2000, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí jáde lórí kolaviron, èyí tí í ṣe àkójọ èròjà tí a yọ lára orógbó.

Ní ti ewúro, àwọn olùwádìí ní Ilé Ìwádìí Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Nàìjíríà, tí ó wà ní Yábàá ní Èkó, tẹ ti wọn jáde ní ọdún 2006. Èlírí ni wọ́n lò. Àwọn èlírí tí wọ́n ti fún ní omi ewé ewúro ṣáájú kí wọ́n tó fún wọn ní àlòjù parasítámọ́ọ̀lù, ẹ̀dọ̀ wọn sàn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n fi hàn pé àwọn baba ńlá wa kò ṣàdédé yan àwọn ohun tí wọ́n ń lò. Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò náà, kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn dé àti ibi tí ó dúró sí.

4. BÁWO NI A ṢE Ń DÁN EWÉ WÒ?

Ìgbésẹ̀ kìíní: Wọn a kó ewé náà lọ fún onímọ̀ nípa ewéko, kí ó dá a mọ̀ dájú. Ewé méjì lè jọra kí oró wà nínú ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Wọn a sá ewé náà gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ẹ̀mí ọtí, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fa omi inú rẹ̀ gbẹ títí yóò fi ku ìyẹ̀fun tàbí ohun tí ó ki. Ohun tí ó kù yìí ni wọn ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n lè mọ iye mílígíráàmù tí eku kọ̀ọ̀kan yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ó ti wúwo tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Wọn a pín àwọn eku sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan yóò máa jẹun, yóò máa mu omi lásán. Ọ̀wọ́ kejì yóò gba oògùn tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nìkan. Ọ̀wọ́ kẹta yóò gba ewé nìkan, kí a lè mọ̀ bóyá ewé fúnra rẹ̀ ní oró. Àwọn ọ̀wọ́ mìíràn yóò gba ewé àti oògùn, àwọn kan ní ìwọ̀n kékeré, àwọn kan ní ìwọ̀n ńlá. Ọ̀wọ́ kan sì wọ́pọ̀ tí ó máa ń gba silymarin, oògùn kan tí a yọ lára ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí ń hù ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí a ti mọ̀ tipẹ́ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. Òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ewé tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, wọn a gba ẹ̀jẹ̀ eku. Wọn a wo iye èròjà tí a ń pè ní ALT àti AST. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, wọn a dà sínú ẹ̀jẹ̀, bí epo ti ń dà sílẹ̀ nígbà tí ìkòkò bá fọ́. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́ tó. Àyẹ̀wò yìí kan náà ni a ń ṣe fún ènìyàn ní ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Wọn a pa eku náà, wọn a gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, wọn a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, láti rí ibi tí ó ti kú àti ibi tí ó yè.

Bí ọ̀wọ́ tí ó gba ewé àti oògùn bá sàn ju ọ̀wọ́ tí ó gba oògùn nìkan lọ, àwọn olùwádìí yóò kọ ọ́ pé ewé náà dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ.

5. KÍ NI ÌDÁNWÒ NÁÀ KÒ FI HÀN?

Èkíní ni ọ̀rọ̀ àkókò. Nínú púpọ̀ nínú ìdánwò wọ̀nyí, ewé ni eku kọ́kọ́ gbà, nígbà mìíràn fún ọjọ́ púpọ̀, kí oògùn tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó dé. Ní ilé wa, òdìkejì èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ti mu oògùn tán kí a tó ronú kan ewúro. Ẹni tí ó ti so ilẹ̀kùn kí olè tó dé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ nígbà tí olè ti wà nínú yàrá. Eku tí ó gba ewé lánàá kò lè jẹ́rìí sí ọmọ tí a fẹ́ fún ní ewé lónìí lẹ́yìn tí ó ti mu májèlé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi wọn ti eku. Àgbo inú ìkòkò wa kò ní òṣùwọ̀n. Ti òní lè ki, kí ti ọ̀la ṣàn. Ewé tí a já ní ìgbà òjò kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí a já ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ orógbó kan kò dọ́gba pẹ̀lú èròjà tí wọ́n yọ lára ọ̀pọ̀ orógbó.

Ẹ̀kẹta, eku kì í ṣe ènìyàn. Láàárín eku àti èlírí pàápàá, ìyàtọ̀ wà: eku máa ń fara da parasítámọ́ọ̀lù ju èlírí lọ. Bí àwọn méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ìbátan bá yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a kò lè fi ojú eku nìkan wo ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin, ewé tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ lè yí iṣẹ́ oògùn mìíràn padà. Ewéko kan wà tí àwọn ará Yúróòpù ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ St. John's wort. Wọ́n ti rí i pé ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè tú oògùn kòkòrò HIV àti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí dànù, tí agbára wọn a sì dín kù. Nítorí náà, kí a má ṣe da ewé pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn láìsọ fún ẹni tí ó fún wa ní oògùn náà.

Ẹ̀karùn-ún, ewé fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tá ẹ̀dọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ará Zulu ní gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní impila, tí wọ́n ń lò bí oògùn ìbílẹ̀. Gbòǹgbò náà ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn, nítorí ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Pé ohun kan ti inú igbó wá kò sọ pé oró kò sí nínú rẹ̀.

A kò sọ èyí láti tàbùkù sí ewé. Oògùn ibà tí a ń lò lónìí, tí a ń pè ní ACT, ọ̀kan nínú èròjà rẹ̀ wá láti ara ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìyáàfin Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ẹranko. Ní ọdún 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbé e mì fúnra wọn láti mọ̀ bóyá ó ní ewu, lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fún àwọn aláìsàn. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ọ̀nà jíjìn ni ewé náà rìn kí ó tó dé ọwọ́ ìyá ọmọ. Orógbó àti ewúro ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì di oògùn tí ilé ìwòsàn ń lò fún ẹni tí oògùn ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

6. KÍ NI Ó YẸ KÍ ÌDÍLÉ MÁA ṢE?

(a) Ẹ mọ ìwọ̀n parasítámọ́ọ̀lù. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ lo ju hóró mẹ́jọ tí ó jẹ́ 500 mílígíráàmù lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Hóró kan tàbí méjì ni lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kí ó tó tún lò ó. Ẹni tí kò sanra, ẹni tí kò jẹun, àti ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀ gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí tiwọn lè dín sí i.

(b) Fún ọmọdé, bí ó ti wúwo tó ni a ń wò: 10 sí 15 mílígíráàmù fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, kí ó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọjọ́ kan. Ọmọ tí ó wúwo tó kílógíráàmù mẹ́wàá yóò gba 100 sí 150 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má ṣe fún un rárá láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera sọ bẹ́ẹ̀. Ibà lára ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

(d) Ẹ ka ara ìgò dáadáa. Ọ̀pọ̀ parasítámọ́ọ̀lù olómi ní 125 mílígíráàmù nínú ṣíbí oògùn kan, èyí tí í ṣe mílílítà 5. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń kán sí ẹnu ọmọ ọwọ́ lè ní 100 mílígíráàmù nínú mílílítà 1 péré. Ìyá tí ó bá fi ṣíbí wọn oògùn kíkán yìí ti fún ọmọ ní 500 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n odindi hóró kan ti àgbàlagbà. Ohun tí ó bá oògùn wá nínú páálí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ má ṣe fi ṣíbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n.

(e) Ẹ ṣọ́ra fún parasítámọ́ọ̀lù tí ó fara pamọ́. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn ara ríro. Ẹni tí ó lo méjì nínú wọn pọ̀ ti lo ìlọ́po méjì. Oògùn àdàlù tí a di sínú ọ̀rá láìní orúkọ, ẹ má ṣe rà á.

(ẹ) Ẹ má ṣe fi parasítámọ́ọ̀lù se ẹran tàbí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa àṣà yìí. Kò sí ẹni tí ó lè mọ iye tí ọmọ jẹ mọ́ ẹran.

(f) Páráàgà kì í fọ ẹ̀dọ̀. Ewé àti egbò tí a rẹ sínú ògógóró ni. Ohun yòówù kí ewé inú rẹ̀ lè ṣe, ọtí inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó mu ún tí ó tún lo oògùn ara ríro lé e ti kó ewúrẹ́ wọlé, ó sì ti gé okùn.

(g) Bí ẹ bá ra àgbo inú ìgò, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ kékeré tí ó wà lára rẹ̀. Lára púpọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé kà á fún yín.

(gb) Ẹ máa fi ewúro se ọbẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe. Oúnjẹ tí ó dára ni. Oúnjẹ gidi, bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́, ni ẹ̀dọ̀ fi ń hun okùn rẹ̀.

(h) Ẹ gbé oògùn sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, kí ẹ sì tì í. Ẹ má ṣe pe oògùn ní súùtì fún ọmọ láti fi tàn án.

7. BÍ ÈÈṢÌ BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Bí ọmọ bá ti mu oògùn ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ẹ bá fura sí i, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ojú rẹ̀ yóò pọ́n. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Ẹ mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ rò pé ó mu àti àkókò tí ó mu ún. Bí ẹ bá ti fún un ní àgbo kan, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni dókítà yóò fi mọ ohun tí yóò ṣe.

Ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí wàrà sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí ó lè bì. Epo tàbí èébì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, èyí yóò sì dá wàhálà kejì sílẹ̀. Ẹ má ṣe lọ èédú ìdáná fún un.

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Bí ó bá jẹ́ parasítámọ́ọ̀lù ni ọmọ mu, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti béèrè bóyá ó yẹ kí ó gba N-acetylcysteine.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ lo oògùn púpọ̀ nítorí ìbànújẹ́, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe bú u. Ẹ gbé e lọ bákan náà, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ara rẹ̀ nílò ìtọ́jú, ọkàn rẹ̀ náà sì nílò rẹ̀.

8. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ÀWỌN ÌYÁ

1. Kí ni ìdí tí ẹni tí ó lo àlòjù parasítámọ́ọ̀lù fi lè dàbí ẹni tí ara rẹ̀ le ní ọjọ́ kìíní?
2. Nínú ìdánwò ewúro, èwo ni èlírí kọ́kọ́ gbà: ewé ni tàbí oògùn? Kí ni èyí kọ́ wa?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín parasítámọ́ọ̀lù oníṣíbí àti èyí tí a ń kán sí ẹnu ọmọ ọwọ́?
4. Ẹ mú gbogbo oògùn tí ó wà nínú ilé yín jáde. Mélòó nínú wọn ni parasítámọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti dán ewé kan wò, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: Ta ni wọ́n dán an wò lára? Ìwọ̀n wo ni wọ́n lò? Ṣé ṣáájú kí májèlé tó wọlé ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí kò ní fi àkókò ọmọ rẹ̀ ṣòfò. Ìlera lọrọ̀.